Láti Bérgà dé Òkè Ẹ̀fọ̀n: Iṣẹ́ tí Jíà Ń Ṣe Lábẹ́ Ọkọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọkọ̀ dáadáa, kó wà á láti Èkó lọ sí Adó-Èkìtì. Kò sí irú ọ̀nà tí ẹ ò ní bá pàdé kí ẹ tó débẹ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ń bẹ ní Òjótà àti Bérgà, ọ̀nà márosẹ̀ tó tẹ́jú ń bẹ láti Mówé dé Ìbàdàn, kòtò àti gegele ń bẹ lẹ́yìn Ilé-Ifẹ̀, nígbà tí ẹ bá sì yà ní Ìtawúrè, òkè Ẹ̀fọ̀n á dìde níwájú yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ ló máa ń béèrè nípa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á yẹ táyà wò, wọ́n á ní kí wọ́n tan AC. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń béèrè irú jíà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ jíà ló ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà. Òun ló ń sọ bóyá awakọ̀ yóò dé ibi tó ń lọ pẹ̀lú ara tó dá ṣáká, tàbí orúnkún òsì rẹ̀ yóò máa ro ó mọ́jú.

Ìdána ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló gbé wa lọ. Ọkọ̀ mẹ́ta la kó ara wa sí. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì, gbé Peugeot 504 wọn àtijọ́ jáde, ọkọ̀ tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí jíà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wa jíìpù kékeré kan tó ń lo jíà CVT. Èmi wà pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi kan tó ń fi ọkọ̀ kó èrò l'Ékòó, Toyota Prius ọdún 2010 ni tirẹ̀, háíbírìdì tó ń lo epo àti iná pọ̀. A ti fẹnu kò pé a ó máa pààrọ̀ ìjókòó bí ọ̀nà bá ṣe ń yí padà, torí mo fẹ́ kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mi mọ ìyàtọ̀ wọn nínú ìrìn kan náà.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí ọkọ̀ ti dí pa ní Bérgà. Èmi ni mo wà nídìí sítíárì Prius. Ẹni tí kò bá wa irú rẹ̀ rí lè rò pé ọkọ̀ náà ti kú. Ọ̀rọ̀ READY á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ ò sì ní gbọ́ ohun kankan. Bí ọkọ̀ iwájú bá sún, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, yóò yọ́ tẹ̀ lé e. Iná bátìrì ló ń fà á. Dánfó tó wà lápá ọ̀tún mi ń gbọ̀n jìgìjìgì, èéfín ń tú lẹ́yìn rẹ̀, ó ń jó epo lójú kan. Nínú tiwa, AC ń tutù dáadáa, torí pé iná ló ń yí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí bátìrì bá lọ sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì á tan fúnra rẹ̀, á ṣiṣẹ́ díẹ̀, á tún pa. Títí a fi kọjá ọjà màlúù Kara tí a bọ́ sórí Long Bridge, ẹsẹ̀ òsì mi ò níṣẹ́ tó ń ṣe, ẹsẹ̀ ọ̀tún náà ò sì ro mí.

Ohun tó wà níwájú ọkọ̀ náà ni ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 àti mọ́tò iná méjì. Jíà eléyín kan ló so wọn pọ̀: kẹ̀kẹ́ eléyín kan wà láàárín, àwọn kéékèèké ń yí i ká, òrùka eléyín ńlá sì yí gbogbo wọn po. Ẹ́ńjìnnì ń ti apá kan, mọ́tò kékeré di apá kejì mú, mọ́tò ńlá àti táyà wà ní apá kẹta. Bí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bá ṣe ń yí ìyára mọ́tò kékeré yẹn padà ni agbára tó ń dé táyà ṣe ń yí padà, láìjẹ́ pé ohunkóhun já tàbí wọ. Kò sí kílọ́ọ̀ṣì níbẹ̀, kò sí jíà kìíní, kò sí ìkejì. Mo fẹ́ràn ètò yìí gan-an. Ohun tó lè bàjẹ́ nínú rẹ̀ kéré ju èyí tó wà nínú ọtọmátíìkì lásán lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ń sá fún un.

Kí epo àti iná jọ máa fa ọkọ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun. Ferdinand Porsche ti ṣe irú rẹ̀ ní 1900. Toyota ló wá sọ ọ́ di ọkọ̀ tí ará ìlú lè rà nígbà tí wọ́n gbé Prius jáde ní Jàpáàn ní oṣù Kejìlá ọdún 1997. Àjọ EPA ti Amẹ́ríkà, tó ń díwọ̀n bí ọkọ̀ ṣe ń jẹ epo, sọ pé irú èyí tí mo wà yẹn ń rin máìlì 51 lórí gálọ́ọ̀nù kan nínú ìlú, ó sì ń rin 48 lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ẹ tún iye yẹn wò: inú ìlú ló ti ń ṣọ́ epo lò jù, nígbà tó jẹ́ pé inú ìlú ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ yòókù ti ń jẹ epo jù. Ìdí ni pé nígbàkígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, mọ́tò ńlá á di jẹnẹrétọ̀, á sọ eré tí ọkọ̀ ń sá di iná, á dá a padà sínú bátìrì. Nínú ọkọ̀ yòókù, ooru lásán ni eré yẹn ń dà lára bíréèkì. Tí a bá pa tìlú àti tọ̀nà jíjìn pọ̀, Prius yìí ń rin tó kìlómítà 21 lórí lítà kan. Lítà bẹntiróòlù kan ò tó 200 náírà nílé epo ìjọba ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi. Ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi pé ohun tó mú òun ta ọkọ̀ òun àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó ní, "Gbogbo èrè ọjọ́ kan ló ń lọ sílé epo. Ní báyìí, mo ń mú nǹkan délé."

Àmọ́ ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ní ewu tirẹ̀. Kí a tó kúrò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọmọkùnrin kan tó ń ta gàlà kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń rìn láàárín ọkọ̀, ó ń ka owó lọ́wọ́. Etí ló fi ń mọ̀ pé ọkọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn òun, tiwa ò sì ké. Mo tẹ bíréèkì, mo fọn fèrè díẹ̀, ó fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa háíbírìdì, ẹ rántí pé àwọn ọmọ tó ń tajà lójú títì ò gbọ́ yín.

Ní Ògèrè, níbi tí tírélà máa ń tò sí rẹrẹẹrẹ, a dúró, mo bọ́ sínú jíìpù ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀nà ti dára níbẹ̀ báyìí. Iléeṣẹ́ Julius Berger ló tún apá Èkó dé Ṣágámù ṣe, iléeṣẹ́ RCC sì ló tún Ṣágámù dé Ìbàdàn ṣe. Mo tẹ epo láti kọjá tírélà kan tó ru kọ̀ǹténà. Ẹ́ńjìnnì fò sókè lójú ẹsẹ̀, abẹ́rẹ́ tó ń ka bó ṣe ń yí dúró sí nǹkan bí 4,000, ohùn rẹ̀ ò sì yí padà mọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń sáré sí i, ó ń sáré sí i. Etí tí jíà tó ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan ti mọ́ lára á máa retí pé kí ohùn náà wálẹ̀. Kò ní wálẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Má jẹ́ kó já ẹ láyà, bó ṣe máa ń ké nìyẹn. Rọra tẹ̀ ẹ́, wàá rí i."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nígbà tí mo rọra tẹ̀ ẹ́, ariwo náà kò ṣẹlẹ̀ mọ́, ọkọ̀ ń yọ̀ lọ láìsí ìgbọ̀nrìrì kankan. Kẹ̀kẹ́ irin méjì ló wà nínú jíà CVT, bẹ́líìtì irin kan sì kọ́ wọn lọ́rùn. Kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan lè fún tàbí kó fẹ̀, bí wọ́n bá ṣe ń fún tí wọ́n ń fẹ̀ ni bẹ́líìtì ń gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀ láàárín wọn, jíà á sì máa yí padà láìní àtẹ̀gùn. Àwọn DAF ti ilẹ̀ Nẹ́dálándì ló kọ́kọ́ fi jíà CVT sínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀, ní 1958. Ó dára fún epo, torí pé ẹ́ńjìnnì lè dúró sí ìwọ̀n yíyí tó bá a lára jù. Ohun tó kórìíra ni ooru, ìwàkuwà, àti ọ́ìlì tí kì í ṣe tirẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kú lọ́wọ́ wa nìyí: mẹkáníìkì á da ọ́ìlì pupa tó wà fún ọtọmátíìkì lásán sínú rẹ̀, bẹ́líìtì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lórí irin, kò sì ní pẹ́ tí jíà á fi kọṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn ra ọ́ìlì jíà. Àwọn fúnra wọn ló ń lọ rà á, wọ́n á sì dúró tì í títí wọ́n á fi dà á tán.

Corolla 2005 ni wọ́n ń wà tẹ́lẹ̀, ọtọmátíìkì oní-jíà mẹ́rin, èmi náà sì ti wà á dáadáa. Irú èyí ló pọ̀ jù lójú títì wa, mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n sì wà káàkiri. Bí ẹ bá gbé fáànù méjì kojú ara wọn, tí ẹ tan ọ̀kan, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á yí èkejì; bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí jíà nínú ọtọmátíìkì, àfi pé ọ́ìlì ló wà láàárín wọn. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ kì í fi kú bí ẹ bá dúró láìyọ jíà. General Motors ló kọ́kọ́ tà á lọ́pọ̀, nínú Oldsmobile, láti 1939. Àléébù irú oní-jíà mẹ́rin yẹn kì í hàn lójú ọ̀nà tó tẹ́jú. Orí òkè ló ti ń hàn: á fò sí ìkẹrin, agbára ò ní tó, á fò padà sí ìkẹta, á tún gbìyànjú ìkẹrin. Awakọ̀ tó mọ̀ ọ́n á tẹ bọ́tìnnì O/D lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà kó lè dúró sí ìkẹta. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó wa ọkọ̀ wọn fún ọdún gbọọrọ láìmọ ohun tí bọ́tìnnì yẹn wà fún.

A gba Ìbàdàn kọjá, a sọdá odò Ọ̀ṣun ní Aṣéjirè, a dúró ní Ìkirè ra dòdò, nítorí kò sẹ́ni tó ń kọjá Ìkirè tí kì í ra dòdò. Ní Ilé-Ifẹ̀ ni Dádì na kọ́kọ́rọ́ sí mi.

"Ṣé o ṣì rántí bí wọ́n ṣe ń wà á?"

"Mo rántí, sà."

"Ó dáa. Má sáà gbé ẹsẹ̀ lé kílọ́ọ̀ṣì lójú ọ̀nà. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ tán, gbé ẹsẹ̀ ẹ kúrò ńbẹ̀."

Ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ ọkọ̀ tó dára jù ní Yúróòpù ní 1969. Láti 1975 ni wọ́n ti ń tò ó pọ̀ ní Kàdúná. Ọ̀gá ìjọba wà á, ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì wà á, awakọ̀ tó ń kó èrò láti Èkó lọ sí Òkè Ọya náà wà á. Ti Dádì ní jíà mẹ́rin, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń lo káábúrétọ̀.

Láàárín Ifẹ̀ àti Iléṣà, kòtò pọ̀, ibẹ̀ sì ni mo ti rántí ìdí tí àwọn àgbà awakọ̀ fi ń yin jíà ọwọ́. Kí n tó dé kòtò, mo ti mọ jíà tí mo fẹ́. Màá wọ ìkejì, màá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ á fa ọkọ̀ sẹ́yìn, màá rọra wọ inú kòtò, màá jáde. Kò sí kọ̀ǹpútà tó ń bá mi ronú, èmi ni mò ń sọ ohun tí ọkọ̀ yóò ṣe. Ọwọ́ mi ń gbọ́ ìgbọ̀nrìrì eyín jíà lórí ọ̀pá, ẹsẹ̀ òsì mi ń gbọ́ ibi tí kílọ́ọ̀ṣì ti ń mú. Ó ń rẹni, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n oorun ò lè gbé ẹni tó ń wà á lọ.

A yà ní Ìtawúrè. Ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́, ó ń gòkè, igbó dí lápá kan, àpáta wà lápá kejì. Níbi tí ọ̀nà ti ga gan-an, ọkọ̀ ńlá kan tó ru pákó dúró gbọn-in níwájú wa. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ké títí, kò lè gòkè mọ́. Ọmọ ọkọ̀ fò sílẹ̀ pẹ̀lú igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó lọ́wọ́, ó sáré lọ sẹ́yìn, ó sì ki igi náà sábẹ́ táyà kó má bàa yí wálẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bọ́ọ̀sì kan níwájú wa gbìyànjú láti yà kọjá, ó yí sẹ́yìn díẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ tẹ epo mọ́lẹ̀, òórùn kílọ́ọ̀ṣì tó ń jóná sì gba gbogbo afẹ́fẹ́ kan.

Mo fa bíréèkì ọwọ́ sókè. Nígbà tí ọ̀nà ṣí, mo wọ jíà kìíní, mo tẹ epo díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kílọ́ọ̀ṣì sókè, ìwọ̀nba díẹ̀díẹ̀, títí ohùn ẹ́ńjìnnì fi rẹlẹ̀ tí imú ọkọ̀ sì gbéra. Ibẹ̀ ni kílọ́ọ̀ṣì ti mú. Mo dá ẹsẹ̀ dúró síbẹ̀, mo jọ̀wọ́ bíréèkì ọwọ́, ọkọ̀ lọ síwájú láìyí sẹ́yìn rárá. Táyà ẹ̀yìn ló ń ti 504, nígbà tó bá sì ń gun òkè, ìwọ̀n èèyàn àti ẹrù ń tẹ táyà tó ń ṣiṣẹ́ náà mọ́lẹ̀. Dádì ò sọ ju "Ó dáa" lọ, wọ́n sì ń wo igbó lọ.

Lókè, nígbà tí a dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè níbi tí ilé ti ń yọrí lára òkè, a dúró láti fẹ́ atẹ́gùn sára. Ẹ̀gbọ́n mi ní jíìpù àwọn gòkè láìfò síwá sẹ́yìn bí Corolla ti máa ń ṣe, àfi pé ó ń ké lóhùn kan títí. Ọ̀rẹ́ mi ní bátìrì òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán kí òun tó dé òkè. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn: òkè gígùn máa ń gba iná bátìrì háíbírìdì tán, ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 nìkan ló wá kù láti gbé èèyàn mẹ́rin àti ẹrù ìdána. Ọkọ̀ náà gòkè, kò dúró, ṣùgbọ́n kò ní ipá tó ní ní Bérgà. Ẹni tó ń gbé orí òkè, tó ń ru ẹrù lójoojúmọ́, kó fi èyí sọ́kàn.

A gba Àrámọ̀kọ àti Ìyìn wọ Adó. Ìdána lárinrin, àwọn alága ìdúró àti ìjókòó dá wa lára yá, a sì sùn síbẹ̀.

Nígbà tí à ń padà, Prius ni mo bẹ̀bẹ̀ láti wà sọ̀ kalẹ̀ ní òkè Ẹ̀fọ̀n. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ wa ló máa ń fi jíà sí fíríì níbi báyìí, wọ́n ní àwọn ń ṣọ́ epo lò. Ó ń dùn mí púpọ̀, torí pé ẹ̀mí ni wọ́n fi ń ta epo. Ọkọ̀ tó wà ní fíríì kò ní ẹ́ńjìnnì tó ń fà á sẹ́yìn, bíréèkì nìkan ló ń jà, bíréèkì tó bá sì gbóná jù kì í mú mọ́. Epo tí wọ́n ń wá gan-an kò sí níbẹ̀. Ọkọ̀ òde òní tó ń lo ìnjẹ́kítọ̀ máa ń gé epo pátápátá bí ó bá wà nínú jíà tí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo. Ní fíríì, ó gbọ́dọ̀ máa jó epo díẹ̀ kó má bàa kú. Ní ti Prius, bí ẹ bá fi sí N, bátìrì ò ní gba iná kankan, gbogbo ohun tí òkè fẹ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ á ṣòfò.

Mo fi jíà sí D, mo ń tẹ bíréèkì ní ìwọ̀nba. Àwọn ìlà kéékèèké tó ń fi iye iná bátìrì hàn ń gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Bí bátìrì bá ti kún, kò lè gba iná mọ́, ibẹ̀ ni jíà B ti wúlò. Mo fà á sí B. Ẹ́ńjìnnì ké sókè láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ mi wà lórí epo. Afẹ́fẹ́ lásán ló ń fà tó ń tú jáde, iṣẹ́ yẹn ló sì ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi yí ojú sí mi. Ó ti ń wa ọkọ̀ náà tipẹ́, ṣùgbọ́n kò sí òkè ní Èkó, kò tíì rí ìdí tí B fi wà. Nígbà tí a dé Ìtawúrè, mo fọwọ́ kan irin táyà iwájú: ó lọ́ wọ́ọ́wọ́, kò gbóná débi tó lè jóni.

Bí ẹ bá bi mí, ohun tí mo máa sọ rèé. Ẹni tó ń wọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó láàárọ̀ àti lálẹ́, háíbírìdì ni kó rà, bó bá ti mọ mẹkáníìkì tó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Bátìrì kéékèèké 28 ni wọ́n so pọ̀ nínú ti Prius yìí, fóòtì 7.2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 201.6. Ọ̀kan ṣoṣo tó bá kú lè da gbogbo wọn rú. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn kan máa pààrọ̀ ẹyọ kan kí wọ́n tó ta ọkọ̀, nígbà tí yòókù ti gbó. Wáyà aláwọ̀ ọsàn tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ fọwọ́ kàn án. Iná inú rẹ̀ lè pààyàn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ihò kan wà tí fáànù ń gbà fa afẹ́fẹ́ tutù sí bátìrì. Eruku ọyẹ́ máa ń dí i, ooru á sì pa bátìrì. Ẹ má gbé ẹrù dí ibẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa nù ún. Bí ọkọ̀ náà bá dákú lọ́nà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi okùn wọ́ ọ pẹ̀lú táyà iwájú nílẹ̀. Orí ọkọ̀ agbọ́kọ̀ ni kí wọ́n gbé e sí.

Ẹni tó ń gbé Ìjẹ̀ṣà tàbí Èkìtì, tó ń gun òkè tó sì ń wọ oko, jíà ọwọ́ ṣì ni baba, ọtọmátíìkì àtijọ́ tẹ̀ lé e. CVT wà fún ẹni tó lè fi sùúrù wà á, tó sì lè rí ọ́ìlì tirẹ̀ rà. Èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́, ẹ má sanwó lórí ọkọ̀ tí ẹ kò tíì wà gun òkè. Bó bá jẹ́ Èkó lẹ ti ń rà á, ẹ wà á gun bíríìjì, kí ẹ dúró láàárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ bí ọ̀nà bá gbà yín láyè, kí ẹ tún gbéra. Bó bá ń yí sẹ́yìn, tó ń ta yín nù, tàbí tó ń ké láìlọ, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà fún ẹni tó ni ín.